Lẹ́sìnnì Kẹ́mísírì Kan ní Agbowó, àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Kọ́ Ọmọ ní Ìṣirò Ìwọ̀ntúnwọ̀nsì

Bí òbí kan ní Ìbàdàn bá ń wá ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti kọ́ kẹ́mísírì kí ìdánwò JUPEB tàbí IJMB, èyí tí wọ́n fi ń wọ yunifásítì, tó wọlé dé, Agbowó ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ júwe fún un, nítorí pé láti ẹnu ọ̀nà Yunifásítì Ìbàdàn títí wọ inú àdúgbò náà, pátákó lẹ́sìnnì kò jìnnà síra. Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níbí kì í ṣe èyí tó tóbi jù nínú wọn. Yàrá méjì péré ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí wọ́n ti ń ta káàdì ìpè àti bisikíìtì nísàlẹ̀, olùkọ́ kẹ́mísírì kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní. Ọmọ àbúrò mi ni mo mú lọ síbẹ̀. Nítorí pé inú láàbù ilé-ẹ̀kọ́ girama ni mo ti ṣiṣẹ́ kí n tó fẹ̀yìn tì, mo tọrọ àyè láti máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì, wọn kò sì bá mi jiyàn. N kò ní dárúkọ ibẹ̀, nítorí pé àléébù wà nínú ohun tí mo fẹ́ sọ, ilé-iṣẹ́ kékeré sì ni wọ́n.

Kì í ṣe gbogbo orí ẹ̀kọ́ ni mo fi ń díwọ̀n olùkọ́ kẹ́mísírì. Ẹyọ kan ti tó mi: báwo ni ó ṣe ń kọ́ ọmọ láti fi ìpín tó wà nínú ìdọ́gba kẹ́míkà mọ iye tí ìkì èròjà kọ̀ọ̀kan (ìyẹn iye rẹ̀ nínú ìwọ̀n àyè kan) fi dín tàbí tí ó fi pọ̀ sí i, nígbà tí ìdàpọ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ bá dé ibi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì? Ọmọ tó bá mọ ibẹ̀ dáadáa ti mọ móòlù (òṣùwọ̀n tí a fi ń ka iye èròjà), ó ti mọ bí a ṣe ń mú ìdọ́gba kẹ́míkà tọ́, ó sì ti mọ áljẹ́bírà. Èyí tí kò bá mọ̀ ọ́n lè há fọ́múlà sórí títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ibẹ̀ náà ni ìdánwò yóò ti mú un. Lórí ẹ̀kọ́ yìí, olùkọ́ Agbowó yìí sàn ju ọ̀pọ̀ tí mo ti rí lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ibì kan wà tí ó ti ń sáré ju bó ṣe yẹ lọ.

Kí ẹni tó ti pẹ́ tó ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́ lè bá wa lọ: àwọn ìdàpọ̀ kẹ́míkà kan wà tí kì í parí. Bí èròjà ṣe ń di àbájáde, bẹ́ẹ̀ ni àbájáde náà ń tú padà di èròjà, nígbà tí ó bá sì yá, eré méjèèjì yóò dọ́gba, ìkì ohun gbogbo tó wà nínú ìkòkò náà kò sì ní yí padà mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ kò dúró nínú rẹ̀. Ará Norway méjì, Guldberg àti Waage, ni wọ́n kọ́kọ́ gbé òfin rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 1864; bí a ṣe ń lò ó lónìí nìyí: bí a bá fi ìkì àwọn àbájáde ṣe ìsọdipúpọ̀, kí a sì fi ìkì àwọn èròjà pín in, tí nọ́ńbà iwájú kọ̀ọ̀kan nínú ìdọ́gba sì di páwà lórí ìkì tirẹ̀, iye kan tí kì í yí padà ni yóò jáde níwọ̀n ìgbà tí ooru kò bá ti yí padà. Iye yìí ni wọ́n ń pè ní Kc. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ìdánwò kì í sábà fún ọmọ ní gbogbo ìkì tó yẹ kó fi ṣe ìṣirò náà. Wọ́n á sọ ohun tí a dà sínú ìkòkò níbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sọ ẹyọ kan tó wà níbẹ̀ ní ìparí, wọ́n á sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ọmọ láti wá. Ìpín inú ìdọ́gba nìkan ló lè bá a wá a.

Àtẹ onílà mẹ́ta ni gbogbo olùkọ́ ń lò: ìlà òkè fún ìbẹ̀rẹ̀, ìlà àárín fún ìyípadà, ìlà ìsàlẹ̀ fún ìparí. Olùkọ́ yìí náà ń lò ó, ṣùgbọ́n máàkà pupa ló fi ń kọ ìlà àárín, nígbà tí dúdú jẹ́ ti ìlà méjì yòókù, kò sì sí ìgbà kan tí mo wà níbẹ̀ tí kò tún un sọ pé ibi tí pupa wà nìkan ni ìdọ́gba kẹ́míkà ní àṣẹ dé. Ó ní kí wọ́n wo aláàsè tó ń fi kóńgò ìrẹsì kan àti ife epo mẹ́ta se ìkòkò oúnjẹ kan: ohun tí yóò jáde kúrò nínú ilé ìpamọ́ ni ìlànà sísè ń sọ, kò sọ iye ìrẹsì tó wà nínú ilé ìpamọ́ láàárọ̀, kò sì sọ èyí tó ṣẹ́ kù lálẹ́. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kọ ọ́ sínú ìwé.

Ìṣirò tí ó fi ṣe àpẹẹrẹ lọ́jọ́ kan ni mo fẹ́ tẹnu mọ́, nítorí pé inú rẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí mọ ibi tí ọmọ ti ń ṣubú. Àmóníà ni:

N₂ + 3H₂ ⇌ 2NH₃

Ó ní a da móòlù náítírójìn 2.00 àti móòlù háídírójìn 4.00 sínú ìkòkò tó gba 5.0 dm³ (lítà márùn-ún), nígbà tí ó sì dé ibi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, móòlù àmóníà 0.80 ni a bá níbẹ̀. Kí ni Kc? Ẹ kíyè sí i pé kò fi èròjà méjèèjì síbẹ̀ ní ìpín ọ̀kan sí mẹ́ta. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, kí ọmọ má baà rò pé dandan ni kí ìlà òkè tẹ̀ lé ìdọ́gba. Ọmọkùnrin kan tó jókòó sí bẹ́ǹṣì iwájú ti yára nawọ́.

"Sà, náítírójìn á ku 0.40, háídírójìn á ku 1.20."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

"Ìdọ́gba yẹn ni, sà. Ọ̀kan sí mẹ́ta sí méjì."

"Èyí tí wọ́n lò ló sọ fún ẹ. Kò mọ èyí tó kù. Máa bọ̀ níbí."

Kò pa ìdáhùn ọmọ náà rẹ́. Ó ní kí ó wá parí rẹ̀ sórí pátákó bí ó ṣe rò ó. Ọmọ náà fi 5.0 pín iye kọ̀ọ̀kan, ó ní 0.08, 0.24 àti 0.16, ó sì ṣe ìṣirò Kc títí ó fi bá 23.1. Lẹ́yìn náà ni olùkọ́ fúnra rẹ̀ ya àtẹ tuntun sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àmóníà bẹ̀rẹ̀ láti òdo, ó parí sí 0.80, nítorí náà ìyípadà tirẹ̀ jẹ́ àròpọ̀ 0.80 (+0.80). Láti rí móòlù àmóníà méjì, a ní láti lo náítírójìn kan, nítorí náà ìyípadà náítírójìn jẹ́ àyọkúrò 0.40 (−0.40), ti háídírójìn sì jẹ́ àyọkúrò 1.20, torí pé mẹ́ta la ń lò níbi tí a bá ti rí méjì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ìpín parí sí. Ìlà ìsàlẹ̀ wá di àròpọ̀ àti àyọkúrò lásán: náítírójìn 1.60, háídírójìn 2.80, àmóníà 0.80. Bí a bá fi 5.0 pín wọn, ìkì wọn jẹ́ 0.32, 0.56 àti 0.16 mol/dm³, Kc sì jẹ́ 0.0256 tí a fi 0.32 × 0.56³ pín, èyí tó fún wa ní 0.456.

Ó fi 23.1 àti 0.456 sílẹ̀ lórí pátákó, ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ èkejì, ó sì béèrè lọ́wọ́ kíláàsì pé èwo nínú méjèèjì ló ń sọ pé àmóníà pọ̀ níbẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ọ̀nà yìí ni pé kò fi ọmọ náà ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì fi àṣìṣe náà pamọ́ bíi pé ìtìjú ni; ó jẹ́ kí wọ́n rí i pé ìdáhùn kan lè lé ní ìlọ́po àádọ́ta èkejì nítorí pé wọ́n fi nọ́ńbà ìlà àárín sí ìlà ìsàlẹ̀. Mo ti rí olùkọ́ tó ní oyè gíga tó kàn máa ń kọ àtẹ náà tán, tí á wá yíjú padà béèrè pé ṣé ó yé wọn, tí kíláàsì á sì dáhùn ní ohùn kan pé ó yé àwọn.

Ó tún ṣe àlàyé kan tí ọ̀pọ̀ kì í ṣe, ìyẹn ni ìdí tí a fi gbọ́dọ̀ fi ìwọ̀n ìkòkò pín iye móòlù kí a tó wọ inú Kc. Nínú ìdàpọ̀ háídírójìn àti áyódììnì, H₂ + I₂ ⇌ 2HI, ìwọ̀n ìkòkò máa ń pa ara rẹ̀ rẹ́ nítorí pé móòlù méjì wà lápá òsì, méjì sì wà lápá ọ̀tún. Ọmọ tó bá ti fi ìyẹn mọ́ra yóò gbàgbé 5.0 dm³ nígbà tí ó bá dé orí àmóníà, níbi tí mẹ́rin wà lápá òsì tí méjì sì wà lápá ọ̀tún, ìdáhùn rẹ̀ yóò sì fi ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n yàtọ̀ sí ti òótọ́. Ó kọ wọ́n pọ̀ kí wọ́n lè rí i.

Áyódììnì yìí kan náà ni ó fi wọ apá kejì ẹ̀kọ́ náà, níbi tí a ti mọ Kc tẹ́lẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò mọ ìyípadà. Ìdàpọ̀ yìí ní ìtàn tirẹ̀, nítorí òun ni Max Bodenstein ará Jámánì fi ara balẹ̀ yẹ̀ wò ní àwọn ọdún 1890, tí àwọn nọ́ńbà rẹ̀ sì wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ káàkiri ayé. Nígbà tí ooru bá wà ní nǹkan bí 445°C, Kc rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 50. Bí a bá fi 1.00 mol/dm³ háídírójìn àti 1.00 áyódììnì bẹ̀rẹ̀, ìyípadà méjèèjì jẹ́ àyọkúrò x, ti HI sì jẹ́ àròpọ̀ 2x. Nítorí pé a lè wá square root ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, 2x tí a fi (1 − x) pín yóò jẹ́ 7.07, x yóò sì jẹ́ 0.78. Háídírójìn àti áyódììnì kù sí 0.22, HI sì di 1.56. Ọmọ àbúrò mi ṣe èyí láìwo ìwé nígbà tí a dé ilé.

Ibi tí eré rẹ̀ ti pọ̀ jù ni ibi tí square root kò bá ti ṣeé lò. Ó mú gáàsì N₂O₄ tó ń tú sí NO₂, N₂O₄ ⇌ 2NO₂, tí Kc rẹ̀ ní 25°C jẹ́ 0.0046, ó ní 0.100 mol/dm³ N₂O₄ ni a fi bẹ̀rẹ̀, ó kọ ìdọ́gba quadratic rẹ̀, ó mú x tó jẹ́ 0.0102, ó sì ti ń nu pátákó kí àwọn tó wà lẹ́yìn tó dà á kọ tán. Ìdọ́gba náà ní ìdáhùn méjì. Èkejì jẹ́ àyọkúrò 0.0113, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ìdí tí a fi sọ ọ́ nù: bí a bá fi í sínú àtẹ, NO₂ yóò jẹ́ iye tó kéré sí òdo, kò sì sí gáàsì tó lè wà nínú ìgò ní iye tó kéré sí òdo. Kò sọ èyí. Bákan náà ni ó sọ fún wọn, láìṣe àlàyé, pé nígbà tí Kc bá kéré, kí wọ́n fojú fo x tó wà nísàlẹ̀ ìlà. Lórí N₂O₄ yìí gan-an, bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n á bá 0.0107 dípò 0.0102, nítorí pé x tó ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí a fi bẹ̀rẹ̀, nígbà tí àṣà ni pé kí ó má ju ìdá márùn-ún lọ kí a tó fojú fò ó. Ọmọ tó bá tẹ̀ lé ìmọ̀ràn yẹn láìbéèrè yóò pàdánù máàkì.

Àléébù kejì lágbára ju èyí lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo fi jókòó níbẹ̀, èròjà nìkan ló máa ń wà nínú ìkòkò ní ìbẹ̀rẹ̀. Òdo ni àbájáde. Nítorí náà àwọn ọmọ ti gbà pé àmì àyọkúrò jẹ́ ti apá òsì títí láé. Ṣùgbọ́n bí a bá fi háídírójìn 0.50, áyódììnì 0.50 àti HI 4.00 mol/dm³ sínú ìkòkò kan náà pọ̀ ńkọ́? A ní láti kọ́kọ́ fi àwọn iye ìbẹ̀rẹ̀ wọ̀nyí sínú fọ́múlà Kc kí a lè mọ apá ibi tí iṣẹ́ yóò kọjú sí. Mẹ́rìndínlógún tí a fi 0.25 pín jẹ́ 64, èyí sì ju 50 lọ, nítorí náà HI ni yóò tú padà: àyọkúrò 2x bọ́ sí abẹ́ HI, àròpọ̀ x sì bọ́ sí abẹ́ àwọn méjì yòókù. Bí a bá ṣe é dé òpin, x jẹ́ 0.051, háídírójìn àti áyódììnì jẹ́ 0.55, HI sì jẹ́ 3.90. Ìpín kò yí padà, àmì ló yí padà. Mo bá olùkọ́ náà sọ ọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Ó ní, "Òótọ́ lẹ sọ, Bàbá, àkókò ni kò tó." Kò bínú sí i, ṣùgbọ́n n kò tíì rí i kí ó padà síbẹ̀.

Láàbù kò sí níbẹ̀ rárá, èyí sì dùn mí, bóyá nítorí iṣẹ́ tí mo ti ṣe ni. Kò sí ohun tó gbówó lórí nínú ohun tí mo ń wí. Berthelot àti Péan de Saint-Gilles ní ilẹ̀ Faransé ti ṣe é ní ọdún 1862: wọ́n po ẹ́tánọ́ọ̀lù mọ́ ásíìdì tó wà nínú fíníígà, ó di ẹ́sítà àti omi, kò sì parí. Ẹni tó bá da móòlù kan mọ́ móòlù kan, tí ó sì fún un ní àkókò tó pọ̀ tó, yóò fi omi kọ́sítíìkì sódà àti búrẹ́ẹ̀tì (ọ̀pá gíláàsì onínọ́ńbà tí a fi ń wọn omi) díwọ̀n ásíìdì tó kù, yóò sì bá a pé ó kù díẹ̀ lókè ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí kí ó rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ohun tí a díwọ̀n kò ju ẹyọ kan lọ. Ìpín ọ̀kan sí ọ̀kan ló sọ fún wa pé ìdá méjì nínú mẹ́ta ti lọ, pé ẹ́tánọ́ọ̀lù tó kù bá ásíìdì dọ́gba, pé ẹ́sítà àti omi jẹ́ ìdá méjì nínú mẹ́ta ọ̀kọ̀ọ̀kan, pé Kc sì jẹ́ nǹkan bí 4. Ọmọ tó bá fi ojú ara rẹ̀ rí i tí àwọ̀ yí padà nínú fúláàsìkì kò ní béèrè mọ́ pé níbo ni wọ́n ti rí "0.80" inú ìbéèrè. Búrẹ́ẹ̀tì kan àti fúláàsìkì díẹ̀ lórí tábìlì yóò tó fún kíláàsì yìí.

Dípò èyí, ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ni olùkọ́ náà bá wọn sọ, ibẹ̀ náà sì dára. Ó ní nígbà tí Fritz Haber, onímọ̀ kẹ́mísírì ará Jámánì, fi bí a ṣe lè fi náítírójìn inú afẹ́fẹ́ ṣe àmóníà hàn ní Karlsruhe ní 1909, gáàsì kì í di àmóníà tán nínú ìkòkò, títí di òní náà ni; nínú ilé-iṣẹ́ ńlá, nǹkan bí ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún péré ló ń yí padà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan tí gáàsì bá gba orí irin tó ń mú iṣẹ́ yá kọjá. Wọ́n á mú àmóníà kúrò, wọ́n á dá ìyókù padà sínú ìkòkò. Ilé-iṣẹ́ ajílẹ̀ Dangote ní Ìbẹ̀jú-Lẹ́kì, tí wọ́n ṣí ní oṣù Kẹta 2022, tí a kọ́ láti máa ṣe mílíọ̀nù mẹ́ta tọ́ọ̀nù yúríà lọ́dún, láti inú àmóníà ni yúríà rẹ̀ ti ń jáde. Ọmọbìnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń dá oko àgbàdo ní Ọ̀yọ́ béèrè pé ṣé ìyẹn ni wọ́n ń pè ní "ìlà ìsàlẹ̀ kì í ṣe òdo", ìyẹn ni pé èròjà ṣì máa ń ṣẹ́ kù ní ìparí. Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. N kò rò pé mo lè ṣe àlàyé náà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti ibùjókòó, yàrá náà há, bẹ́ǹṣì kan ń gba ọmọ tó ju bó ṣe yẹ lọ, nígbà tí wọ́n bá sì mú iná lọ, jẹnẹrétọ̀ ilé kejì ń bo ohùn olùkọ́ mọ́lẹ̀ débi pé àwọn tó wà lẹ́yìn ń da ohun tó wà lórí pátákó kọ láìgbọ́ àlàyé rẹ̀. Ìwé tí wọ́n ń tẹ̀ fún wọn mọ́ dáadáa, àmọ́ kò sí unit kankan lẹ́yìn Kc nínú rẹ̀, 0.456 ti àmóníà yẹn yẹ kí ó ní dm⁶ mol⁻² lẹ́yìn, ìdánwò sì ń fún un ní máàkì. Ẹgbẹ́ WhatsApp wọn wúlò: olùkọ́ ń fi ohùn dáhùn ìbéèrè níbẹ̀ lálẹ́, kì í sì í jẹ́ kí ọmọ fi ìdáhùn lásán ránṣẹ́ láìya àtẹ rẹ̀. Owó oṣù wọn fi díẹ̀ ga ju ti àwọn tó yí wọn ká, ó sì tó o fún ọmọ tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ kò dán mọ́rán. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ti mọ ìlà mẹ́ta náà tán, tó kàn ń wá ìbéèrè líle, yóò rí i pé wọn kò ní gbé e jìnnà.

Kí ẹni tó bá fẹ́ forúkọ ọmọ sílẹ̀ béèrè fún kíláàsì àárín ọ̀sẹ̀. Ti Sátidé ni èrò ti pọ̀ jù, ìbéèrè kan náà ni wọ́n sì ń ṣe ní méjèèjì, nítorí náà kò sí ohun tí ẹni tó san owó méjèèjì fi ju ẹni tó san ẹyọ kan lọ.